Bí Ìdíje Bá Wá sí Ilé Wa, Irú Onílé Wo Ni Wá?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé sọ níbi ìpàdé ìdàpọ̀ ní Arámọ̀kọ-Èkìtì)

  

Àwọn ọ̀dọ́ ló ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù. Wọ́n bi mí pé bí ìdíje ńlá bá wá sí orílẹ̀-èdè wa, ṣé ó yẹ kí onígbàgbọ́ bá wọn yọ̀ sí i? Èsì mi kò gùn: ó yẹ. Ayọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn èyí tí wọn kò bi mí, òun gan-an ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ẹni tí ìdíje wá bá nínú ilé, onílé ni. Irú onílé wo ni wá?

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba àlejò ìdíje Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló kópa. Àwa, Íjíbítì, Tànsáníà àti Ivory Coast wà ní Èkó. Gánà, Àlùjéríà, Mòrókò àti Gínì wà ní pápá Liberty ní Ìbàdàn. Gánà ló gba ife náà ní 1978, nítorí náà, àwọn ni ọ̀gá tí gbogbo ayé ń wò.

Ní ìlú wa níbí, ilé tí tẹlifíṣọ̀n wà kò pọ̀ nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lójú títì ni a máa ń kóra jọ sí, nítorí pé wọ́n ní rédíò ńlá kan tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ará Gánà ni télọ̀ náà. Bọ̀dá Télọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ló rán aṣọ ilé ìwé mi, àwọn ló rán aṣọ tí ìyá mi wọ̀ lọ sí ìkórè ìjọ. Wọ́n ti gbọ́ èdè wa débi pé wọ́n ń fi ohùn Èkìtì pa wá lẹ́rìn-ín.

Gánà kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ẹ mọ bí ọmọdé ti rí: a fi Bọ̀dá Télọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn kò bínú. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, tí Nàìjíríà àti Àlùjéríà fẹ́ pàdé ní Surulere fún àṣekágbá, Bọ̀dá Télọ̀ kó àjákù aṣọ funfun àti aláwọ̀ ewé jọ, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì so ó mọ́ gbogbo wa lọ́rùn ọwọ́. A kò tíì jókòó dáadáa tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí fi gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé. Òun náà ló gbá ìkejì. Mudaṣiru Láwàl gbá ìkẹta. Mẹ́ta sí òdo! Christian Chukwu tó jẹ́ kápútẹ̀ẹ̀nì gba ife, Nàìjíríà sì di olúborí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ jó bọ́ sójú títì ni ará Gánà tí orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ti já. Mi ò tíì rí àlejò tó bá onílé yọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta kò pé. Owó epo rọ̀bì wálẹ̀, nǹkan le, ọdún ìbò sì ni 1983. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, ìjọba kéde pé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ju mílíọ̀nù kan èèyàn tó lọ, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n kó ẹrù sí nígbà náà ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. A máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá pe orúkọ náà. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Bọ̀dá Télọ̀ wá bá bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé rédíò náà dání. Wọ́n fẹ́ tà á kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀. Ọgọ́ta náírà ni wọ́n pè é. Bàbá mi mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ̀ pé ọjọ́ ti ń lọ, pé ẹni tó ń sá kò lè dúró nájà. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bàbá mi fi lélẹ̀. Bọ̀dá Télọ̀ wo owó náà, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n mú un, wọ́n sì dúpẹ́. Èmi ni mo gbé rédíò wọlé. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀: inú mi dùn.

Ṣé ẹ mọ ohun tí rédíò náà kọ́kọ́ sọ fún wa? Òun ló ń ròyìn àwọn tó há sí ọ̀nà. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ náà kò fẹ́ kí èrò kún ilẹ̀ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tọmọdé tàgbà, sùn sí gbangba, kò sí omi, kò sí oúnjẹ, títí Gánà fi ṣí ẹnubodè ní ìparí oṣù náà. Rédíò tí a rà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí ló ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí fún wa. Bàbá mi dìde, wọ́n pa á. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé Gánà ló kọ́kọ́ ṣe é fún wa. Òótọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá fi ilé, ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé Bọ̀dá Télọ̀ ló lé wọn? Àwọn baba wa ní kí ẹni tó fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Wọ́n ti fi gún wa, a mọ bó ṣe ń dunni, a sì tún mú igi kan náà.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ti ń ṣe. Ní ọdún 2000, Zimbabwe ni ó yẹ kó gba àlejò Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Ta ni wọ́n gbé e fún? Nàìjíríà àti Gánà, kí wọ́n jọ ṣe é. Àwọn tó ti lé ara wọn jáde di onílé kan náà. Gánà já ní Kumasi nígbà tí Gúúsù Áfíríkà gbá góòlù kan wọlé wọn. Àwa lé Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú góòlù méjì, a sì bá Kamẹrúùnù pàdé ní Surulere ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì. Ọjọ́ Ìsinmi ni. A ti ṣe ìsìn tán, gbogbo àdúgbò ló wà nílé bàbá mi, nídìí tẹlifíṣọ̀n.

Kamẹrúùnù gbá méjì wọlé. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà, Jay-Jay Okocha dá ìkejì padà. Méjì sí méjì. Ó di pẹnárítì. Ibẹ̀ ni iná ti lọ! Kí ni a óò ṣe? Bàbá mi wọ yàrá lọ, wọ́n gbé rédíò àtijọ́ náà jáde. Orí rẹ̀ ni a ti gbọ́ ti Victor Ikpeba. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ba igi òkè, ó balẹ̀, ó tún jáde. Rẹfirí ará Tùnísíà ní kò wọlé. Kamẹrúùnù gba ife lọ pẹ̀lú pẹnárítì mẹ́rin sí mẹ́ta. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n fi hàn lẹ́yìn náà pé bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà.

Ẹ̀yin ará, ariwo sọ ní ìlú lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n rẹ́ wa jẹ! Wọ́n fi ojú wa gbolẹ̀ nínú ilé wa! Àwọn kan sunkún. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, bàbá mi gbé ọwọ́ lé rédíò náà, wọ́n ní, “Ẹni tó ni èyí, àwa la rẹ́ ẹ jẹ. Ta ló sunkún fún un?”

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni bàbá mi ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú.

Wọ́n wá Bọ̀dá Télọ̀ kiri. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ná ọjà Accra, a kò rí wọn. Bàbá mi ka ìtàn Sakeu nínú Lúùkù orí 19, bó ṣe ṣèlérí láti dá ohun tó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n ní bí a kò bá rí ẹni tí a jẹ, Ọlọ́run kò ní torí ìyẹn fa gbèsè ya. Ọmọ ará Tógò kan wà tí bàbá rẹ̀ ń bá wa ṣiṣẹ́ oko kòkó. Ọmọ náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, kò sówó. Bàbá mi san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un nígbà tó gba òmìnira. Bàbá mi ti lọ sinmi báyìí. Rédíò náà wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní tà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbádùn ìdíje. Bí ó bá tún wá sí ilẹ̀ wa, ẹ pe ará àdúgbò, ẹ sè, ẹ jẹ, ẹ pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ rántí nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, àlejò kì í ṣe ẹni tó wá gbá bọ́ọ̀lù nìkan. Ìgbìrà tó ń dáko lẹ́bàá Ìjerò, Àgàtú tó ń kọ ebè ní Arámọ̀kọ, ará Tógò àti Hausa tó ń fi ọ̀kadà gbé wa lọ sí Ẹ̀fọ̀n, àlejò wa ni wọ́n. Ẹ pè wọ́n sídìí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n mọ̀ ọ́n ṣe: láti ọdún 1959 tí a ti sin Àpọ́sítélì Babalọlá sọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń gba àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá.

Èkejì, bí ẹni tí ìdààmú bá bá gbé ọjà wá, ẹ san iye tó tó. Òfin ìjọba lè lé èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ló fún Bọ̀dá Télọ̀ ní náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ilé wa ni.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ lórí pápá, kí a bi ara wa léèrè ẹni tí àwa náà rẹ́ jẹ.

Ní 2024, Ivory Coast gba àlejò ìdíje yìí kan náà, wọ́n sì na Super Eagles ní Abidjan ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, méjì sí ọ̀kan. Àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ẹjìgbò, ti ń gbé Abidjan láti ìran dé ìran. Ká ní ọmọ yín wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, irú onílé wo ni ẹ̀ bá fẹ́ kó bá pàdé? Ẹ lọ jẹ́ irú onílé bẹ́ẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ayọ̀ tí kò ní omijé ẹlòmíràn nínú. Àmín.