Àwọn Ọ̀dọ́ àti Ìwádìí Omíyalé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé: ó wó afárá, ó wó ilé, àwọn tí ó kú sì lé ní 100. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ti èkínní ti di géńdé kí èkejì tó dé. Bí a kò bá fi ibi tí omi dé hàn án, báwo ni yóò ti mọ ibi tí kò yẹ kí ó kọ́lé sí?

Àwa àgbà ní ẹ̀bi tiwa. Nígbà tí ọ̀ràn ìmọ́tótó bá délẹ̀, ìgbálẹ̀ àti ọkọ́ ni a ń fún àwọn ọ̀dọ́. A kì í bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Ní ọdún 1992, ọ̀mọ̀wé Roger Hart fi ìkópa àwọn ọmọdé nínú ọ̀ràn ìlú wé àkàsọ̀ onípele 8. Ó fi hàn pé ní ìpele mẹ́ta ìsàlẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni a fi ọmọ ṣe. Kò tíì kópa rárá.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ìwádìí fúnra wọn. Kí wọ́n gbé agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé sí gbangba, kí wọ́n fi rúlà wọn omi òjò inú rẹ̀ ní òròòwúrọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì dà á nù. Kí wọ́n tọ àwọn arúgbó lọ, kí wọ́n bèèrè ibi tí omi dé lára ògiri, kí wọ́n sì fi ọ̀dà sàmì sí i. Kí wọ́n ya àwòrán àdúgbò, kí ó fi gbogbo gọ́tà tí pàǹtírí dí hàn. Àwọn ni kí ó yan ohun tí wọn yóò wádìí. Àwọn náà ni kí ó gbé èsì rẹ̀ síwájú ìjọba ìbílẹ̀.

Èyí kò sọ àgbà di aláìníṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ yá láti rin ojúlé dé ojúlé. Àgbà ni ó rántí ibi tí omi gbà kọjá, òun ni yóò sì ká wọn lọ́wọ́ kò kúrò létí odò nígbà tí òjò bá ṣú.

Òjò mìíràn ń bọ̀, ẹ̀yin ará. Kí ó má ṣe bá wa níbi tí ti ìṣáájú ti bá wa.