Ipò Tí Ó Yẹ Tábúlẹ́ẹ̀tì Nínú Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó ṣáájú mi sọ tán dùn mọ́ mi létí, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí olùkọ́ kò tó, kí ìjọba ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ náà sì máa kọ́ ọ. Èmi kò bá tábúlẹ́ẹ̀tì jà. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ti pèsè sílẹ̀ ni ó yẹ kí ó ránṣẹ́ pe ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1955, síléètì ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbé lọ sí ilé-ìwé. (Itọ́ ni a sì fi ń nù ún, ẹ má jẹ́ kí á tan ara wa.) Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé-ìwé wà lára ohun tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ibi tí olùkọ́ bá ti múra àwọn ọmọ sílẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè nígbà tí ó parí, ibẹ̀ ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti ń di ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ bá kàn tan ẹ̀rọ tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, ìran wíwò lásán ni.

Ní ọdún 2013, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan jáde ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpele àgbà ilé-ìwé girama, Ọpọ́n Ìmọ̀ sì ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó bá mọ ọpọ́n Ifá yóò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Ìwé kíkà, àlàyé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni ó wà nínú rẹ̀. Mo yin ìrònú yẹn, nítorí òbí tí kò lówó ìwé mẹ́wàá lè rí ìtura níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé àti ìmúrasílẹ̀ ìdánwò ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kó sínú rẹ̀. Ní wákàtí tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń kojú ara wọn ńkọ́, kí ni ẹ̀rọ ń ṣe?

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Peru. Wọ́n pín kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó lé ní mílíọ̀nù kan níbẹ̀. Nínú ìròyìn tí UNESCO gbé jáde ní ọdún 2023, wọ́n ní nítorí pé a kò mú un wọ inú ọ̀nà ìkọ́ni, ìmọ̀ àwọn ọmọ kò lọ sókè.

Báwo wá ni kí á ti ṣe é? Ẹ jẹ́ kí á mú ẹ̀kọ́ àmì ohùn. Olùkọ́ Yorùbá ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí ojú pátákó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ó ti ṣàlàyé ọkùnrin tí ó gbé ìyàwó, irinṣẹ́ àgbẹ̀, ohun ìrìnnà àti ohun ìjà. Bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé gbogbo kíláàsì yóò ké e lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yóò bo ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n mọ́lẹ̀, olùkọ́ yóò sì rò pé ẹ̀kọ́ ti wọlé. Nísinsìnyí, kí ó pín wọn sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan. Olúkúlùkù yóò pe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú áàpù ìgbohùnsílẹ̀, àwọn mẹ́rin yòókù yóò sì kọ èyí tí etí wọn gbọ́ sínú ìwé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọmọ tí ó rò pé ọkọ̀ ni òun pè, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọkọ́, yóò fẹ́ jiyàn. Ẹ̀rọ yóò tún gbé ohùn rẹ̀ fún un láìbínú, ìgbà mẹ́wàá bí ó bá fẹ́. Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ níwájú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún olúkúlùkù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò gbé ohùn méjì tàbí mẹ́ta fún gbogbo kíláàsì gbọ́, yóò sì padà sí ojú pátákó. Ẹ̀kọ́ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ti mọ ọmọ tí àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ṣì ń dàrú mọ́ lójú. Kò ná wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan.

Ní ti ìṣirò, áàpù GeoGebra, tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ ní Austria ní ọdún 2001, wà níbẹ̀. Olùkọ́ ya ìlà kan sí pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka yí nọ́ńbà kan padà lójú ẹ̀rọ, ìlà náà sì nà ró tàbí kí ó dà sílẹ̀.

Ìṣòro wà o. Iná mànàmáná ń lọ, ọmọ a sì máa fi ẹ̀rọ ṣeré bí olùkọ́ bá yíjú. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí olùkọ́ dán áàpù wò ní alẹ́ àná, kí ó sì pèsè ẹ̀kọ́ tí yóò máa lọ bí bátìrì bá kú lójijì.

Olóòtú bi mí lẹ́ẹ̀kan pé bí a bá fún mi ní owó tábúlẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ̀rún kan fún ilé-ìwé kan, kí ni n ó ṣe. N ó ra ogójì péré, tí a ó máa gbé láti kíláàsì dé kíláàsì bí a ti ń gbé àwòrán ilẹ̀ ayé kiri, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn gba iná. N ó lo díẹ̀ láti kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ti ń lò ó. Owó tí ó bá kù, kí ẹ fi gba olùkọ́ sí i.