Kíbúlà Ọ̀wọ̀ àti Ìṣirò Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Ń Sá Fún

  



Kí àwọn ará àdúgbò kan ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ọ̀sẹ́ tó fi ìpìlẹ̀ mọ́ṣáláṣí lélẹ̀, wọn a kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ògiri iwájú yóò kọjú sí. Àgbàlagbà kan a sì nawọ́ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Bí ènìyàn bá dúró ní Ọ̀wọ̀, tí ó kọjú sí àríwá gan-an, tí ó wá ń yí sí apá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, yóò ti bá Ká'bà pàdé ní nǹkan bí dígírì 63, nígbà tí ìlà-oòrùn ṣì wà níwájú ní 90. Dígírì 27 ni ó wà láàárín méjèèjì. Èyí kò túmọ̀ sí pé irun àwọn bàbá bàjẹ́ o. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn fi ààyè gba ẹni tí ó sa gbogbo ipá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọ̀nà àti mọ̀, tí ó kọ̀ láti mọ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀.

Inú ìṣirò ni 63 yìí ti jáde. Ìṣirò náà sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ń lé oorun lójú àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga: kálíkúlọ́ọ̀sì tí ohun méjì tàbí mẹ́ta ń yí padà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti àròpọ̀ aláìlópin. Ẹni tí ó bá wọ Rufus Giwa Polytechnic tàbí Achievers University ní Ọ̀wọ̀, tàbí tí ó lọ sí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981, bí ó bá mú iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ ìwọn-ilẹ̀ tàbí físíìsì, yóò bá a pàdé lójú ọ̀nà. Òbí ti ta kòkó, ó ti ta iṣu, ó ti fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ láti Ifọ́n tàbí Ìdóàni. Nígbà tí ó yá, ọmọ a padà wálé pẹ̀lú ojú pípọ́n, a ní ìṣirò yẹn kì í ṣe ti ènìyàn.

Ti ènìyàn ni. Ẹ tún wo Kíbúlà náà dáadáa. Ohun méjì ni ó ń pinnu rẹ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan: bí ìlú náà ti jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, èyí tí à ń pè ní ìbú, àti bí ó ti jìnnà tó sí Mọ́kà láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, èyí tí à ń pè ní òró. Ìbú Ọ̀wọ̀ jẹ́ nǹkan bí 7.2. Ìyàtọ̀ òró láàárín Ọ̀wọ̀ àti Mọ́kà jẹ́ nǹkan bí 34.2. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yí padà, Kíbúlà yóò yí padà. Báwo wá ni a ṣe máa mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, nígbà tí méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́? Ohun tí kálíkúlọ́ọ̀sì yìí ń sọ kò ju pé: di ọ̀kan mú kí ó má mira, kí o wá yí èkejì díẹ̀. Bí arìnrìn-àjò bá kúrò ní Ọ̀wọ̀ tí ó lọ tààrà sí àríwá fún dígírì kan, tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì, Kíbúlà rẹ̀ yóò fi nǹkan bí dígírì kan àti ìdámẹ́rin lé sí i. Bí ó bá lọ tààrà sí ìlà-oòrùn fún dígírì kan, Kíbúlà rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdajì dígírì dín. Nọ́ńbà méjì yìí ni olùkọ́ ń kọ sí ojú pátákó pẹ̀lú àmì d tí ó tẹ orí ba tí ọmọ fi ń sá.

Ifọ́n ni a óò fi dán an wò. Ìsàlẹ̀ Ọ̀wọ̀ ni ó wà sí gúúsù pẹ̀lú dígírì 0.27, ó sì fi nǹkan bí 0.19 súnmọ́ ìlà-oòrùn. Sísọ̀kalẹ̀ sí gúúsù yóò yọ nǹkan bí 0.34 kúrò lára Kíbúlà, sísún sí ìlà-oòrùn yóò yọ nǹkan bí 0.09. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.43. Ẹni tí ó bá wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Ifọ́n, tí ó tún gbogbo ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò bá 62.65 níbi tí Ọ̀wọ̀ ti ní 63.08. Ó bára mu. Àwọn Lèmọ́mù méjèèjì kò nílò láti bá ara wọn jà, nítorí kò tó ìdajì dígírì.

Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, olùṣọ́ àkókò irun kan wà ní mọ́ṣáláṣí ńlá Umayyad ní Damásíkù, Shams al-Dīn al-Khalīlī ni orúkọ rẹ̀. Ó ya tábìlì Kíbúlà kan tí ìdáhùn inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Ìbú ń lọ láti dígírì 10 dé 56, ìyàtọ̀ òró sì ń lọ láti 1 dé 60, ó sì fi ọwọ́ ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun méjì tí ń yí padà ni ọkùnrin yìí tò sórí ìwé láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ kíyè sí i pé ìbú 10 ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà ní 7.2, Ifọ́n kò tó 7. Ojú-ewé tiwa kò sí nínú tábìlì Damásíkù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ojú-ewé náà, ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Kí ó sọ kósáìnì ìbú Ọ̀wọ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú tánjẹ́ǹtì ìbú Mọ́kà, tí í ṣe 21.42. Kí ó sọ sáìnì ìbú Ọ̀wọ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú kósáìnì ìyàtọ̀ òró, kí ó yọ èyí kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Yóò ku nǹkan bí 0.2857. Kí ó fi í pín sáìnì ìyàtọ̀ òró, èyí tí í ṣe 0.5627. Ìdáhùn rẹ̀, 1.97, ni tánjẹ́ǹtì Kíbúlà, igun tí ó ni ín sì jẹ́ 63.1.

Ọ̀rọ̀ sáìnì yìí pàápàá ní ìtàn tí yóò pa ọmọ ilé-kéú lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ará Íńdíà tí ó túmọ̀ sí ọsán ọrun ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá kọ ọ́ láìfi fat-ha tàbí kasra sí i. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ń túmọ̀ ìwé ní ọ̀rúndún kejìlá, wọ́n kà á sí jayb, ibi àyà ẹ̀wù, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Látìn tí ó jẹ mọ́ àyà ẹ̀wù rọ́pò rẹ̀. Àmì tí a kò fi sórí ọ̀rọ̀ ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Ta ni ó sọ fún kálíkúléétọ̀ pé sáìnì 30 jẹ́ ìdajì? Ibí ni àròpọ̀ aláìlópin ti wọlé. A ó kọ́kọ́ sọ dígírì 30 di ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò, yóò jẹ́ 0.5236. Ó ti pọ̀ jù. Gbé e sọ di púpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, fi 6 pín in, kí o yọ ọ́: 0.4997 ni ó kù, ó ti kéré jù díẹ̀. Gbé e sọ di púpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, fi 120 pín in, kí o rò ó mọ́ ọn: 0.5000. Ìrísí rẹ̀ ń lọ láé, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́ta ti tó fún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ọmọ Yorùbá kọ́ ló yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí. Kí ni márùndínláàádọ́ta? Ogún mẹ́ta ni a kọ́kọ́ mú, a yọ mẹ́wàá, a tún yọ márùn-ún. Láti kékeré ni a ti ń kọjá ibi tí à ń lọ kí á tó padà sẹ́yìn dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ wà níbẹ̀ tí ó ti ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ léṣe. Ẹni tí ó bá rin ìdajì ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n, tí ó tún rin ìdajì èyí tí ó kù, tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní kọjá Ifọ́n láé. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo náà. Akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ohun tí à ń rò ń kéré sí i, ó wá parí ọ̀rọ̀ sí pé gbogbo àròpọ̀ tí ó ń kéré sí i gbọ́dọ̀ ní òpin. Rárá o. Mú odindi kan, fi ìdajì kún un, fi ìdámẹ́ta kún un, ìdámẹ́rin, ìdámárùn-ún, títí lọ. Nicole Oresme, àlùfáà ará Faransé kan ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, fi hàn pé kò ní òpin: ìdámẹ́ta àti ìdámẹ́rin ju ìdajì lọ, mẹ́rin tí ó tẹ̀lé wọn ju ìdajì lọ, mẹ́jọ tí ó tún tẹ̀lé e ju ìdajì lọ. Ìdajì kò sì ní tán láé. Àmọ́ ó lọ́ra bí ìgbín: ó gba 12,367 kí àròpọ̀ náà tó kọjá 10, ó gba 272,400,600 kí ó tó kọjá 20. Ẹni tí ó wo ojú rẹ̀ nìkan yóò búra pé ó ti dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni kò jẹ́ kí kíkọ́ sórí tó. Ẹni tí ó há ìdáhùn ìbéèrè ọdún tí ó kọjá sórí yóò rí ìkejì, yóò pè é ní ìkíní. Ẹni tí ó sì fi owó ra máàkì, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ báyìí pé kí a "sọ́ọ̀tì" olùkọ́, kò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹlẹ́rìí èké ni ìwé-ẹ̀rí tí ó gbé dání. Oṣooṣù ni yóò máa gba owó lórí ẹ̀rí náà, oṣooṣù ni yóò sì máa gbé e wálé fún aya àti ọmọ jẹ. Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ kí ó di halali.

Àwọn oníwàásù kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé Mùsùlùmí ni ó dá gbogbo ìṣirò sílẹ̀. Kì í ṣe òótọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi irọ́ gbé ẹ̀sìn ga. Al-Khwārizmī kọ ìwé aljẹ́bírà ní Bághídádì ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, apá kan nínú rẹ̀ sì dá lórí pínpín ogún. Òótọ́ ni ìyẹn. Ibn al-Haytham, tí ó kú ní Íjíbítì ní nǹkan bí 1040, wá ìwọ̀n inú ohun tí ó rí roboto bíi koto nípa ríro nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Òótọ́ ni. Ní 1424, al-Kāshī ní Samarkand wá ìwọ̀n àyíká òbírípo dé nọ́ńbà 16 lẹ́yìn àmì ìdá, ó sì fi ìrísí oníhà 805,306,368 ṣe é. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ aláìlópin fún sáìnì, Mādhava àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní gúúsù Íńdíà ni ó ní in, wọn kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Newton àti Leibniz wá kó o jọ ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orí ọmọ aláwọ̀ dúdú ni kò gbà á. Chike Obi gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Cambridge ní 1950. Adegoke Olubummo, ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì tí ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òndó títí di 1996, di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Ìbàdàn. Kí àwọn arábìnrin má sì rò pé ti ọkùnrin ni: ní 1963 ni Grace Alele-Williams gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìkọ́ni ní ìṣirò ní Chicago, ó sì di olórí yunifásítì Benin ní 1985, ní ìlú tí kò jìnnà sí Ọ̀sẹ́.

Ẹni tí ó bá ti fi sáìnì àti pẹ́ńsù wá Kíbúlà mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀, kò pọn dandan kí ó dúró de ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Ní May 27 tàbí 28, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 18 àárọ̀ ní Nàìjíríà, oòrùn máa ń wà ní òkè Ká'bà gan-an. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ ní July 15 tàbí 16, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 27. Kí ó ri igi gbọọrọ kan mọ́lẹ̀ ní ojú-òde mọ́ṣáláṣí lóòró, kí ó fa ìlà láti ṣóńṣó òjìji dé ìdí igi. Bí ìkùukùu kò bá bo oòrùn lójú, ìlà náà yóò tọ́ka sí Mọ́kà, kí ó sì wá gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde kí ó wò ó.