Ilé Là Á Wò: Ilé àti Ibi Iṣẹ́ Demas Nwoko



Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo Demas Nwoko, nítorí pé ohun tí à bá máa pè é kò tíì yanjú: àwọn kan ní ayàwòrán ni, àwọn kan ní agbẹ́gilére, àwọn mìíràn ní ọ̀mọ̀lé.

Ọdún 1935 ni a bí i ní Idumuje-Ugboko, ní ilẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́ ní Zaria, kì í ṣe ilé kíkọ́. Láti 1963 títí di 1978, ó ṣe olùkọ́ ní ẹ̀ka eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ojoo, tí ó kọjá ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, yóò dé Samonda, níbi tí ilé ìsìn àwọn Dominican tí Nwoko kọ́ ní àwọn ọdún 1970 wà. Bí ó bá dé Mokola, yóò bá ibi iṣẹ́ rẹ̀, New Culture. Ilé tí ó kọ́ fún ara rẹ̀ wà ní ìlú tí a ti bí i.

Erùpẹ̀ pupa tí a po mọ́ sìmẹ́ńtì ni ó fi ń ṣe bíríkì rẹ̀. Ní ilé rẹ̀ ní Idumuje-Ugboko, àárín ilé ṣí sí òkè. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni òjò ń rọ̀ sí. Ta ni nínú wa tí kò mọ èyí? Àgbàlá agbo ilé àwọn baba wa ni, níbi tí ìkòkò ti ń gba omi òjò láti orí òrùlé.

Àwọn kan yóò ní ilé erùpẹ̀ kò yẹ ọlọ́làjú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ilé tuntun láti Ojoo dé Agbowo: bí iná mànàmáná bá lọ, ooru a lé onílé síta. Ní 2023, a fi ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà yẹ́ Nwoko sí ní ìlú Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀ nínú ilé kíkọ́. Bẹ́ẹ̀, irú àgbàlá tí ó ti kọ́gbọ́n ni àwa ń wó lulẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jáde, kí wọ́n wọn àwọn àgbàlá tí ó ṣẹ́kù ní Ìbàdàn, kí wọ́n sì yà wọ́n sínú ìwé kí wọ́n tó wó tán. Ní ti orúkọ, ayàwòrán ni mo pè é. Ilé rẹ̀ sì ni àwòrán rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ.