Ẹ Má Jẹ́ Kí Fóònù Jẹ Èrè Ọjà Yín Lẹ́yìn Ibodè

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wọn

Ọ̀rọ̀ fóònù alágbèéká ni mo gbé wá lónìí, àti bí ẹni tó ń rìnrìn-àjò ọjọ́ díẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe lè lò ó láìná ìnákúnàá.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan alábẹ̀wò nínú fóònù. Ó kàn mí, nítorí pé ìwé ìṣirò ni iṣẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń yá owó ẹgbẹ́ láti fi ra ọjà ní Kútọnu tàbí ní Lomé. Nígbà tí wọ́n bá dé, tí a sì jókòó ti ìwé, a ó rí owó ọkọ̀, owó aláàárù, owó ibùsùn àti owó oúnjẹ. Owó fóònù kì í sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti jáde lápò. Èrè kò ní pé iye tí a rò, ẹni tó yá owó yóò sì máa wá ibi tí ó gbà lọ nígbà tí ọjọ́ àtisan bá kò. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni owó fóònù ṣe ń wọnú owó ọjà.

BÍ OWÓ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Síìmù tí ẹ rà nílé, ti ilé-iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà ni. Bí ẹ bá kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò, òpó ilé-iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Fóònù yín yóò wá òpó ilé-iṣẹ́ àjèjì kan láti fara tì. Èyí ni wọ́n ń pè ní roaming. Ilé-iṣẹ́ àjèjì yóò gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ti ilé, ti ilé yóò sì gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé orúkọ kan náà ni ẹ rí lára pátákó, iye kan náà ni ẹ ó san. MTN wà ní Nàìjíríà, ó sì wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni síìmù ti ibí, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀hún.

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó ń gbà lọ. Èkíní ni ìpè tí ẹ̀yin fúnra yín pè. Èkejì ni ìpè tí wọ́n pè yín. Nílé, ẹni tó pè nìkan ló ń sanwó. Lẹ́yìn ibodè, ẹni tó gbé ìpè náà lè san tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, èyí tó burú jù, ni dátà, nítorí pé ó ń náwó nígbà tí fóònù wà nínú àpò. WhatsApp ń fa àwòrán àti fídíò wọlé, Facebook ń ṣí fídíò fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò tilẹ̀ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ. Ká ní ilé-iṣẹ́ ń gba 50 náírà lórí mẹ́gábáìtì kan, tí ará ilé wá fi fídíò òde ìnáwó ránṣẹ́, tí ó jẹ́ mẹ́gábáìtì 20. 1,000 náírà ti lọ nìyẹn. Bí mẹ́wàá irú rẹ̀ bá wọlé, 10,000 náírà ti lọ. Ẹni tó ń jẹ 500 náírà èrè lórí aṣọ kan yóò ta aṣọ 20 kí ó tó rí owó yẹn padà.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó wọkọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ pe ilé-iṣẹ́ fóònù yín lórí 300. Láti ọdún 2023 ni nọ́ńbà yìí ti di ọ̀kan náà fún gbogbo wọn ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè pé: èló ni ìpè tó jáde, èló ni ìpè tó wọlé, èló ni dátà níbi tí mò ń lọ? Ǹjẹ́ ètò àsansílẹ̀ ọjọ́ díẹ̀ wà? Lóòótọ́, ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, àjọ ECOWAS ṣe òfin lórí roaming láàrin àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí orílẹ̀-èdè kan ti ń mú un lò kọ́ ni èkejì ń ṣe é. Ẹ má fi òfin inú ìwé gbára lé. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Èkejì, ẹ wọ ibi ètò fóònù yín, kí ẹ pa data roaming. Bí ẹ kò bá mọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi hàn yín, kí ẹ sì ṣe é lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta, bí fóònù yín bá ń darí ìpè tí ẹ kò gbé sí àpótí ohùn, ẹ tẹ ##002# láti fagi lé e. Ìdí ni pé ìpè náà lè tọ̀ yín lọ sí òkèèrè kí ó tún padà sílé, kí wọ́n sì ka owó àlọ àti àbọ̀ sí yín lọ́rùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tún nọ́ńbà inú fóònù yín kọ. Ti Nàìjíríà, ẹ fi +234 ṣáájú, kí ẹ yọ òdo àkọ́kọ́ kúrò. Ti Bẹ̀nẹ̀ ni +229, ti Tógò ni +228. Àwọn oníbàárà yín àtijọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà wọn ti kúrò ní mẹ́jọ, ó ti di mẹ́wàá: ẹ fi 01 sí iwájú nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn +229.

NÍ IBODÈ ÀTI LẸ́YÌN RẸ̀

Fóònù kì í dúró de kọ́sítọ̀ọ̀mù. Ní àwọn ìlú etí ibodè, ó lè gba òpó ti òdìkejì mú nígbà tí ẹ ṣì wà nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú ibẹ̀, ẹ fúnra yín yan ilé-iṣẹ́ yín nínú ètò fóònù, ẹ má jẹ́ kí ó máa yàn fún yín.

Bí ẹ ó bá lò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, ẹ wo iye tí síìmù ọ̀hún yóò jẹ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ ó rí MTN, Moov àti Celtiis. Ní Tógò, ẹ ó rí Moov àti Yas, tí a mọ̀ sí Togocom tẹ́lẹ̀. Ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ náà gan-an, kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ lọ, kí wọ́n fi orúkọ yín sílẹ̀. Ẹ má ra èyí tí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀, kí ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ má baà di tiyín.

Bí fóònù yín bá ń gba síìmù méjì, ẹ jẹ́ kí ti Nàìjíríà wà níbẹ̀ nítorí iṣẹ́ ìkọ̀wé báńkì, kí dátà máa ti orí ti àjèjì wá. Bí WhatsApp bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ kọ̀. Nọ́ńbà ilé ni kí ó máa lò. Bí ẹ bá sì ti Kútọnu kọjá sí Lomé, síìmù Bẹ̀nẹ̀ náà ti di àlejò, ẹ tún béèrè iye tirẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé aago Lomé fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà kan náà ni. Síìmù àsansílẹ̀ ọ̀hún kò béèrè ìforúkọsílẹ̀, Wi-Fi sì sábà máa ń wà nínú ilé. Ẹ fi í pe ilé lórí WhatsApp.

ÀGBÁJỌ ỌWỌ́

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá jọ wọkọ̀, kí ló dé tí ẹ ó fi ra dátà mẹ́rin? Kí ẹ dá owó jọ, kí ẹnì kan rà á, kí ó fi hotspot pín in fún àwọn yòókù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí àjèjì kò mọ̀. Ní alẹ́, kí ẹnì kan pe ilé, kí ó jíṣẹ́ gbogbo yín pé àlàáfíà ni ẹ wà.

Ní ìparí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tẹ *310# lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, kí ẹ kọ iye tó wà lórí fóònù. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, pẹ̀lú káàdì tí ẹ rà lọ́nà àti owó síìmù ọ̀hún, òun ni owó fóònù yín. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ owó ọkọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ka èrè. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìtọrọ owó-yíyá. Owó tí a yá kì í ṣe ti ẹnì kan; owó ìyá àgbà tó ń dá owó tirẹ̀ lóṣooṣù láìgbàgbé wà nínú rẹ̀.

Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sàn. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.