Ìgbẹ́ Tí Ń Dí Òròmọdìẹ Nídìí

Ó ti rẹ olúkúlùkù, nítorí náà mi ò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ òròmọdìẹ ni mo bá wá, pàápàá ìgbẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ wọn nídìí, tó sì ń pa wọ́n.

Ta ni kò sin adìẹ nínú wa? Adìẹ ni à ń tà nígbà tí owó ìwé ọmọ bá ká wa mọ́. Adìẹ ni à ń pa fún àlejò. Ṣùgbọ́n adìẹ a pa ọmọ 10, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó lè ku 5. A ó ní òtútù ni. Ẹlòmíràn á ní ayé ló ṣe é. Ṣé a tilẹ̀ yí ìdí òkú òròmọdìẹ náà sókè wò?

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan, Àjàṣẹ́ ni mo ti rà á, 50 nínú páálí. Owó àjọ mi ni mo fi rà wọ́n. Ọkọ̀ pẹ́ lójú ọ̀nà. Oòrùn pa wọ́n, òùngbẹ gbẹ wọ́n. Ìgbà tí a fi dé Kétu, ilẹ̀ ti ṣú, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Mo da àgbàdo lílọ̀ sílẹ̀ fún wọn, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ sùn. Mi ò fún wọn ní omi, mi ò fún wọn ní iná.

Lọ́jọ́ kẹta mo rí ọ̀kan tó dá dúró ní kọ̀rọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ rú, ó ń ké ṣáá. Mo gbé e. Ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn nídìí bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ewé. Mo fi èékánná já a. Awọ bá a jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Mo dá a padà sáàárín àwọn yòókù. Bí wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀ pupa yẹn, wọ́n ń ṣá a lẹ́nu títí ó fi kú. Méjì mìíràn tún wà tí ìdí wọn ò tilẹ̀ dí rárá. Ìdodo wọn ni mo já, mo rò pé ìgbẹ́ ni. Àwọn náà kú. Òròmọdìẹ 14 ni mo sin ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi ló sì pa lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀ràn ìdodo yìí kó yé wa. Inú ẹyin ni òròmọdìẹ ti ń fi ìdodo gba oúnjẹ. Tó bá jáde, ibẹ̀ a gbẹ, a dúdú bí èépá egbò kékeré. Abẹ́ ikùn ló wà, níwájú ihò ìdí díẹ̀. Ihò ìdí ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn, lábẹ́ ìrù gan-an. Èyí tó wà lábẹ́ ìrù nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn. Tẹ́ ẹ bá fa ìdodo, ìfun lè bá a jáde.

Òròmọdìẹ kò ní ju ihò kan yìí lọ. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń gbà, ibẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà. Bí ìgbẹ́ bá rọ̀, tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́, tó sì gbẹ, ó di èdídì. Inú á wú, kò ní lè jẹun mọ́. Bí a ò bá ṣí i, kì í pẹ́ kú. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló ń ṣe wọ́n jù. Nítorí náà, láàárọ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ máa gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo ìdí wọn.

Èyí tó bá dí, báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ wá omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ki ìgúnpá bọ̀ ọ́ bẹ́ ẹ ti ń ṣe fún omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ẹ di òròmọdìẹ mú jẹ́jẹ́, kí orí rẹ̀ yọ síta. Ẹ rẹ àkísà mímọ́ sínú omi náà, kẹ́ ẹ gbé e lé ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ mú sùúrù. Bí àkísà bá tutù, ẹ tún un rẹ. Ìgbẹ́ náà yóò rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ó wá máa nù ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fà á. Èyí tí ò tíì rọ̀, ẹ tún omi fún un. Ẹ má sì ri gbogbo ara rẹ̀ sómi o, òtútù ni yóò pa á. Lẹ́yìn náà ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi òrí tàbí òróró ẹ̀pà ra ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi í síbi tó móoru, lọ́tọ̀, títí ibẹ̀ kò fi ní pọ́n mọ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún un wò, torí ó lè tún dí. Kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn ọmọdé kí wọ́n má máa fi ẹnu kò wọ́n lẹ́nu, nítorí ìgbẹ́ adìẹ ń fa inú rírun fún ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ nu ìdí 20 lónìí, tí òtútù ṣì ń mú wọn, 20 náà ni yóò tún dí lọ́la. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Òtútù, òùngbẹ, ìrìn àjò àti oúnjẹ tí kò bá wọn lára mu ló ń sọ ìgbẹ́ wọn dà bẹ́ẹ̀. Ooru àpọ̀jù náà ń fà á. Àwọn tó ní ohun ìwọ̀n ooru ní kó wà láàárín 32 sí 35 ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Àwa ò ní in, àwọn òròmọdìẹ ni ìwọ̀n tiwa. Bí wọ́n bá gun ara wọn, tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, ooru pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí wọ́n ń jẹ, ó dára. Ẹ lè lo fìtílà tàbí ìkòkò èédú, kẹ́ ẹ fi wáyà yí i ká. Ẹ má ti ilé náà pa pátápátá o, èéfín èédú ń pani.

Èyí tí ẹ bá rà lọ́nà jíjìn, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un, omi mímọ́ tí kò tutù jù. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́ kó lè mọ̀ ọ́n mu. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo náà kí wọ́n má rì. Ẹ má bẹ̀rù pé ebi ń pa á: pupa ẹyin tó kù nínú rẹ̀ lè bọ́ ọ fún bí ọjọ́ méjì. Nígbà tó bá ti mumi, kẹ́ ẹ wá fún un ní oúnjẹ òròmọdìẹ lílọ̀ kúnná.

Ìyá kan bi mí léèrè níjọ́sí pé kí ló dé tí ti àwọn tó wà lábẹ́ ìyá wọn kì í fi í dí tó bẹ́ẹ̀. Ìyá adìẹ ni iná, òun náà ló ń kó wọn lọ mumi. Èyí tí a bá rà láìní ìyá, àwa la di ìyá rẹ̀.

Ẹ mú ìwé yín. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ iye tó dí, ẹ kọ iye tó kú. Bẹ́ ẹ bá ti tún ooru àti omi wọn ṣe, iye náà yẹ kó máa dín lójoojúmọ́. Bó bá ń pọ̀ sí i, tí ìgbẹ́ náà funfun, tí wọ́n ń kú lọ́pọ̀, kì í ṣe òtútù mọ́. Ó lè jẹ́ àrùn ìgbẹ́ funfun, èyí tí ń ti ara ìyá wọ inú ẹyin. Ẹ ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀, ẹ ri òkú mọ́lẹ̀ jìnnà, ẹ pe dókítà ẹran, kẹ́ ẹ sì fi ìwé yín hàn án. Ẹ má da kápúsù tí wọ́n ń kiri lọ́jà sínú omi wọn. Àwọn tó bá yè nínú irú wọn, ẹ má fi ẹyin wọn sàba, torí àrùn lè ṣì wà lára wọn.

Ẹni tó bá ní òròmọdìẹ nílé, kó gbé ọ̀kan wá nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́la, kó fi aṣọ bò ó. Èmi á gbé omi gbígbóná wá, ká jọ wo èwo ni ìdodo, èwo ni ihò ìdí.