ÒṢÌṢẸ́ AMẸ́RÍKÀ LÁYÉ ÀTIJỌ́ ÀTI ÀWA TI ÒNÍ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa ní Ìkẹjà)



Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ nípa Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1800 sí 1850. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni ti Amẹ́ríkà ṣe kan ará Ìkẹjà àti Agége. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan báàjì tó wà lọ́rùn wa, ó sì kan ẹni tí kò ní báàjì tó ń bá wa ṣiṣẹ́.

Òwú ni ẹ jẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1793, Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ kan tí ń yọ kóró kúrò lára òwú. Ènìyàn á rò pé ẹ̀rọ yìí á mú kí ara tu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko. Rárá o. Bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sí i ni àwọn olóko ń wá ilẹ̀ sí i, tí wọ́n sì ń wá ẹrú sí i. Ní 1790, ẹrú tó wà ní Amẹ́ríkà tó bíi 700,000. Nígbà tí yóò fi di 1860, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, láti 1808 ni òfin ti ní kí a má kó ẹrú wọ ibẹ̀ láti òkè òkun mọ́. Ọmọ tí ẹrú bí sóko ni wọ́n ń tà láàárín ara wọn. Ní 1830, wọ́n tún ṣe òfin tí wọ́n fi lé àwọn onílẹ̀, bíi àwọn Cherokee, kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn.

Kì í ṣe oko nìkan ni ẹrú ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìlú Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ẹrú ń ṣe káfíńtà, ó ń ṣe bíríkìlà, ó ń ṣe alágbẹ̀dẹ, ó sì ń ru ẹrù ní èbúté. Olówó wọn a máa yá wọn fún ẹlòmíràn lówó, òun a sì gba owó iṣẹ́ wọn. Ìjọba ìlú a gba owó lọ́wọ́ olówó ẹrú, wọn a fún ẹrú ní báàjì bàbà. Orúkọ ìlú, ọdún, nọ́ńbà àti irú iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó gbé e sára. Báàjì wọ̀nyí ṣì wà ní mùsíọ̀mù títí di òní.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ aláwọ̀ funfun ṣe. Wọ́n rí i pé ọ̀gá lè fi owó pọ́ọ́kú yá ẹrú ṣiṣẹ́, èyí sì ń fa owó iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Dípò kí wọ́n dojú kọ ẹni tó ń jẹ èrè, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí ilé aṣòfin léraléra pé kí a lé aláwọ̀ dúdú kúrò nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn olówó ẹrú ló sì kún ilé aṣòfin náà.

Káfíńtà kan wà ní Charleston tí ń jẹ́ Denmark Vesey. Ẹrú ni. Ní 1799 ó jẹ lọ́tìrì, ó gba dọ́là 1,500, ó sì fi 600 ra ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ṣì wà lóko ẹrú. Ní 1822, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń kó àwọn ènìyàn jọ láti dìde gba òmìnira. Àṣírí tú, wọ́n sì so ènìyàn 35 kọ́, òun náà wà nínú wọn. Ní ìparí ọdún yẹn, wọ́n ṣe òfin pé atukọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí Charleston, ẹ̀wọ̀n ni yóò wà títí ọkọ̀ yóò fi lọ. Bí ọ̀gá ọkọ̀ kò bá san owó tí wọ́n ná sórí rẹ̀, wọ́n lè tà á. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ o: kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ọkọ̀ ló gbé e débẹ̀.

Ẹ má rò pé ìhà àríwá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Philadelphia ní 1835, àwọn tó ń kó èédú ní èbúté daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, gbogbo wọn ní wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó. Wọ́n sì borí. Ó dùn mọ́ wa láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ní 1838, ìpínlẹ̀ Pennsylvania kan náà gba ẹ̀tọ́ ìbò kúrò lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Ní New York, láti 1821, wọ́n ń mú òfin pé ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ ní dúkìá kúrò fún aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n wọ́n ní aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ ní dúkìá tó tó dọ́là 250. Ìlẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ṣí fún ẹnìkan tí wọ́n tì mọ́ ẹnìkejì.

Inú irú ayé yẹn ni James Churchwill Vaughan ti jáde wá. Ìlú Camden, ní South Carolina, ni wọ́n bí i sí ní 1828. Scipio bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú oníṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹrú, nítorí náà òun náà kì í ṣe ẹrú. Síbẹ̀ kò ní ìbò, kò sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé bàbá náà ló ní kí àwọn ọmọ òun padà sí Áfíríkà. Ní 1852 Vaughan lọ sí Liberia. Ní 1855 ó dé ilẹ̀ Yorùbá, ó ń ṣe káfíńtà fún àwọn mísọ́nnárì Baptist láti gúúsù Amẹ́ríkà.

Ẹrú ni ó sá fún, ẹrú ni ó sì tún bá níbí. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ilé tú, ogun ni àwọn bàbá wa ń bá ara wọn jà, tí wọ́n ń ta ara wọn. Ogun tú Ìjàyè ní 1862, Vaughan sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, tí wọ́n lé àwọn mísọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó. Ó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, lẹ́yìn náà ó ṣí ṣọ́ọ̀bù irin iṣẹ́. Ní 1888, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Baptist ní Èkó sọ pé àwọn kò jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ fún mísọ́nnárì Amẹ́ríkà mọ́, tí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, Vaughan wà pẹ̀lú wọn. Ó kú ní 1893.

Kí ni a rí kọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ nìkan kò gba Vesey, kò sì fún Vaughan ní ìbò. Ẹgbẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá ti apá kan òṣìṣẹ́ síta, ọ̀gá ló ń ṣiṣẹ́ fún láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Nínú ọgbà iṣẹ́ wa, àwọn kan wà tí à ń pè ní kásúà. Iṣẹ́ kan náà ni a jọ ń ṣe. Owó tiwọn kéré, wọn kò ní ìwé, wọn kò ní ìsinmi. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé àwọn kásúà ló ń ba owó wa jẹ́. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Charleston sọ gan-an nìyẹn. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó; èyí tí a fi ń na kásúà lónìí, àwa ni ó kàn lọ́la.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974, ní apá keje, sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, ní apá 40, sọ pé ẹnikẹ́ni lè wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Kò yọ kásúà sílẹ̀. Nítorí náà, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí aṣojú ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ láìní ìwé. Orúkọ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe nọ́ńbà. Kí ẹ mú un wá fún akọ̀wé. A ó jọ gbé e lọ bá àwọn aláṣẹ.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.